Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Pa Yín Lára ní Amẹ́ríkà? Bí Ẹ Ṣe Máa Gba Owó Gbà-má-bínú Kí Ọjọ́ Tó Kọjá

Lọ́dọọdún, tí oṣù Ọ̀wàrà bá ti wọlé, àwọn ènìyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú arúgbó ní Amẹ́ríkà máa ń tò láti gba abẹ́rẹ́ flu, torí ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ló ti sọ ọ́ di dandan. Apá á dun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ó parí. Àwọn díẹ̀ wà tí èjìká wọn kì í padà sípò mọ́. Wọn ò lè na ọwọ́ sókè wé gèlè, wọn ò lè gbé aláìsàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò lè fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ sùn. Nínú àwọn díẹ̀ yìí, mo ti rí ẹni tí ìjọba ìbá san owó fún, tí kò rí kọ́bọ̀ gbà. Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ló kọjá lórí rẹ̀, tàbí kí gbogbo ìwé tó wà nílé ìwòsàn máa wí pé ara rẹ̀ le. Dókítà béèrè pé báwo lara, ó ní "a dúpẹ́." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìrora.

Ètò tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni National Vaccine Injury Compensation Program, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá pa lára. VICP ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rù pé òun á fi nọ́ọ̀sì tó gún òun ní abẹ́rẹ́ sínú wàhálà, kí ó fi ọkàn balẹ̀. Wọn kì í pe nọ́ọ̀sì lẹ́jọ́ níbẹ̀, wọn kì í pe ilé oògùn. Ìjọba àpapọ̀ ni olùjẹ́jọ́, nípasẹ̀ Secretary of Health and Human Services, inú àpò owó kan tí wọ́n ń fi owó orí abẹ́rẹ́ kún, 75 sẹ́ǹtì lórí àrùn kọ̀ọ̀kan tí abẹ́rẹ́ kan ń dènà, ni wọ́n ti ń san án. Ẹ ò nílò láti jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kí ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé abẹ́rẹ́ náà: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ gbà á, apá tí wọ́n gún, àti nọ́ńbà tó wà lára ìgò oògùn.
- Àkọsílẹ̀ gbogbo ilé ìwòsàn tí ẹ ti lọ, láti ọdún 3 ṣáájú abẹ́rẹ́ náà títí di òní.
- Rìsíìtì owó tí ẹ ti ná tí ìnṣọ́ránsì kò san padà: oògùn, physiotherapy, owó mọ́tò lọ sílé ìwòsàn.
- Ẹ̀rí owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ yín: W-2, ìwé owó oṣù, lẹ́tà láti ibi iṣẹ́.
- Ìwé àjákọ kan tí ẹ máa fi kọ ọjọ́ àti ìrora sílẹ̀.
- 405 dọ́là fún owó ìpẹ̀jọ́. Ẹni tí kò ní in lè bẹ kóòtù kí wọ́n fojú fò ó.

Ìpele 1: Ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ yín wà lábẹ́ ètò yìí

Abẹ́rẹ́ flu ti ọdọọdún wà níbẹ̀. Ti ipá wà níbẹ̀, ti èéyi, ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, Hepatitis A àti B, HPV, rotavirus, ti àrùn yírùnyírùn, àti irú abẹ́rẹ́ òtútù àyà tí wọ́n ń pè ní pneumococcal conjugate. Kò sí ohun tó kan ọjọ́ orí. Àgbàlagbà tó gba abẹ́rẹ́ ipá lẹ́yìn tí ìṣó gún un lẹ́sẹ̀ lè pẹjọ́ bí ọmọ ọwọ́.

Ibí yìí ni àwọn tó ń múra láti lọ sílé ní oṣù Ọ̀pẹ̀ ti máa ń ṣubú. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn àwọn arìnrìn-àjò, wọ́n fún yín ní abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ní apá òsì torí wọ́n lè béèrè káàdì rẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n sì fún yín ní Hepatitis A ní apá ọ̀tún. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kò sí lábẹ́ VICP. Ti táífọ́ọ̀dù àti ti ajá digbólugi náà kò sí níbẹ̀. Hepatitis A nìkan ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, apá wo ló gba èwo di ọ̀rọ̀ tó lè gbé ẹjọ́ dìde tàbí kó dà á nù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ẹ tó kúrò lórí àga, kí ẹ sì rí i pé ó kọ ọ́ síwèé.

Abẹ́rẹ́ shingles kò sí níbẹ̀. Ti COVID-19 náà kò sí níbẹ̀, ètò mìíràn tó ń jẹ́ CICP ló ni ín. Ọdún 1 péré láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n fún ènìyàn láti béèrè níbẹ̀, kò sí kóòtù, wọn kì í sì í san owó lọ́yà. Ẹ má ṣe lo kàlẹ́ńdà VICP fún un.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí agbègbè tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ti gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ náà. Èyí tí wọ́n gún yín ní Ìbàdàn tàbí Kútọnú kò wọlé, àfi tí ẹ bá jẹ́ sójà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, tàbí ará ilé rẹ̀, tàbí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà bá wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ sì padà dé síbẹ̀ láàárín oṣù 6. Àwọn ará wa ní Bìrìtéènì ní ètò tiwọn lọ́tọ̀, 120,000 pọ́n-ùn lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tí ìpalára rẹ̀ bá tó ìdá 60 nínú 100. Ìtọ́sọ́nà yìí kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìpalára náà gbọ́dọ̀ tóbi dé ìwọ̀n kan: kó ti lé ní oṣù 6 tó ti ń bá yín fínra, tàbí kí wọ́n ti dá yín dúró sílé ìwòsàn tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, tàbí kó já sí ikú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àtẹ tí ìjọba ń pè ní Vaccine Injury Table lórí ojú òpó HRSA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ètò yìí. Tí ìpalára yín bá wà níbẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ láàárín àsìkò tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, òfin gbà pé abẹ́rẹ́ ló fà á, àfi tí ìjọba bá rí ohun mìíràn tó fà á. Èjìká tó bàjẹ́ nítorí bí wọ́n ṣe gún abẹ́rẹ́, SIRVA ni wọ́n ń pè é, gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dunni láàárín wákàtí 48. Àrùn Guillain-Barré tó ń mú ẹsẹ̀ àti apá rọ, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ flu, láàárín ọjọ́ 3 sí 42. Kí ara kọ oògùn dé ibi tí èémí ń há, láàárín wákàtí 4. Kí ènìyàn dákú, láàárín wákàtí 1. Fún èjìká, àtẹ náà tún béèrè pé kí èjìká yẹn má ti máa dùn tẹ́lẹ̀, kí ìrora àti ìlekoko má kọjá èjìká tí wọ́n gún, kí ó má sì sí àìsàn mìíràn tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Àtẹ náà máa ń yí padà, nítorí náà èyí tó wà lórí ojú òpó lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ pẹjọ́ ni kí ẹ kà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹ lè sọ orúkọ abẹ́rẹ́, apá, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbà á láìní "bóyá" nínú?

Ìpele 2: Ẹ ka ọjọ́ yín

Ọdún 3 ni òfin fún yín. Ọjọ́ tí àmì ìpalára àkọ́kọ́ yọ ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí dókítà pe orúkọ àìsàn náà kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹnì kan sọ fún yín pé irú ètò yìí wà. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ní 12 oṣù Ọ̀wàrà 2023, tí èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lálẹ́ ọjọ́ náà, ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà ní kóòtù kí 12 oṣù Ọ̀wàrà 2026 tó kọjá. Tí ẹni náà bá ti kú, ọdún 2 láti ọjọ́ ikú ni, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 4 lọ láti ìgbà tí àmì ìpalára tó pa á kọ́kọ́ yọ.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àwọn ti pẹjọ́ nítorí pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà tó VAERS létí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí ìjọba ti ń gba ìròyìn nípa ìpalára abẹ́rẹ́, tàbí nítorí pé ọ̀gá ibi iṣẹ́ ti kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀. VAERS kàn ń gba ìròyìn jọ ni. Ìwé ibi iṣẹ́, inú fáìlì ibi iṣẹ́ ló ń wà. Ìwé tó bá dé Court of Federal Claims ní Washington, kóòtù ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, nìkan ló ń dá ọjọ́ dúró.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ ọjọ́ ìkẹyìn náà sára ògiri ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà, ẹ ka oṣù 6 padà sẹ́yìn láti ibẹ̀, kí ẹ sì fi èyí ṣe ọjọ́ ìkẹyìn tiyín, torí lọ́yà kì í fẹ́ gba fáìlì tó ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìpele 3: Ẹ jẹ́ kí ìrora yín wà nínú ìwé dókítà

Mo máa pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ibí ni ẹjọ́ àwọn ènìyàn wa ti ń bàjẹ́ jù.

A kọ́ wa láti kékeré pé tí wọ́n bá béèrè àlàáfíà ẹni, a kì í tú ẹrù ìṣòro sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ara le, a dúpẹ́." Ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n nínú yàrá dókítà, ìbéèrè gidi ni "báwo lara." Èsì yín ń wọ inú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, lẹ́yìn ọdún méjì, dókítà ìjọba tí kò rí yín rí á ṣí i, á kà á. Tí ó bá kà pé lóṣù kejì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ẹ ní kò sí ohun tó ń dùn yín, á gbà yín gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ rí dókítà, ohun mẹ́rin ni kí ẹ sọ, kí ẹ sì sọ wọ́n pa pọ̀: "Mo gba abẹ́rẹ́ flu ní ọjọ́ báyìí. Èjìká òsì ni wọ́n gún. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ló ti ń dùn mí. Mi ò lè gbé ọwọ́ kọjá ibí yìí." Ẹ fi ọwọ́ hàn án. Ẹ ní kí ó wọn bí ọwọ́ ṣe ń gbé sókè tó, kí ó sì kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ ṣeré. "Ó ti tó oṣù mélòó kan" ti pa ẹjọ́ púpọ̀, torí SIRVA ń béèrè wákàtí 48. Tí dókítà ò bá lè rí yín kíákíá, ẹ kọ lẹ́tà sí i lórí pọ́tà ilé ìwòsàn, ìyẹn ojú òpó tí aláìsàn ti ń ka àkọsílẹ̀ ara rẹ̀, torí ọjọ́ á wà lára rẹ̀.

Tí ẹ bá lọ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tí èjìká ṣì ń dùn, ẹ mẹ́nu bà á. Ìjọba á béèrè ìdí tí ẹ fi rí dókítà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ẹ kò sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé Aboniki ni a kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí. A ń fi òrí pa á, a ń pe ìyá kan tó mọ ara wọ́ kó wá wọ́ ọ, a ń lọ sí àdúrà. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n Aboniki kì í kọ̀wé. Oṣù 5 tí ẹ fi tọ́jú ara yín nílé, òfo ló máa jẹ́ nínú fáìlì, òfo náà ni agbẹjọ́rò ìjọba á nàka sí pé ìrora náà kò tó nǹkan. Ẹ tọ́jú ara nílé, kí ẹ sì tún lọ rí dókítà. Ẹ lọ gbogbo ìpàdé physiotherapy tí wọ́n fún yín. Tí owó tàbí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí ẹ lọ, ẹ pè wọ́n kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá lọ sí Nàìjíríà láàárín ìtọ́jú, kí ó gba ìwé tó ní òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn àti ọjọ́ lọ́wọ́ gbogbo dókítà tó bá rí níbẹ̀. Ìwé láti UCH Ìbàdàn ṣeé fi sínú fáìlì bí ti Houston.

Ẹ má parọ́, ẹ má sì fi kún un. Tí èjìká náà bá ti dùn yín rí ní ọdún méjì ṣáájú, ó wà nínú ìwé, wọ́n á rí i. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ pọ́tà, ẹ ka ohun tí dókítà kọ. Ṣé ọjọ́ tọ̀nà? Ṣé òsì ni wọ́n kọ, tó sì jẹ́ òsì lóòótọ́? Tí wọ́n bá ṣì í kọ, ẹ kọ̀wé lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n tún un ṣe.

Ìpele 4: Ẹ kó gbogbo ìwé jọ

Ẹ kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ìdílé, ilé oògùn, ibi tí wọ́n ti ya àwòrán MRI, physiotherapy, àti ẹ̀ka pàjáwìrì. Òfin fún wọn ní ọjọ́ 30 láti dáhùn. Ẹ sọ pé gbogbo fáìlì ni ẹ fẹ́, pẹ̀lú ti ọdún 3 ṣáájú abẹ́rẹ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ pé èjìká yín dára tẹ́lẹ̀. Fún ọmọ kékeré, ẹ fi ìwé ìbí àti ti ìgbà oyún kún un.

Ohun méjì máa ń dá àwọn ènìyàn wa dúró níbí. Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Ilé oògùn kọ Yinka, ìnṣọ́ránsì kọ Olayinka, ilé ìwòsàn fi orúkọ bàbá síwájú, ibi iṣẹ́ ń lo orúkọ ọkọ. Ọjọ́ ìbí àwọn àgbà náà lè yàtọ̀ láti ìwé dé ìwé. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹnì kan á béèrè. Ẹ ṣe ìwé ìbúra kan tó sọ pé ẹnì kan náà ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí, kí ẹ sì so ìwé ìgbéyàwó tàbí ti ìyípadà orúkọ mọ́ ọn.

Ìkejì ni apá. Ní ilé oògùn, wọ́n lè ti tẹ "apá òsì" sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó mú abẹ́rẹ́ jáde, kí ẹ wá bọ́ apá ọ̀tún fún wọn. Tí ìwé bá sọ òsì, tí ó sì jẹ́ ọ̀tún ló ń dùn, ẹjọ́ kò tíì kú. Ohun tí ẹ sọ fún dókítà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa gbè yín lẹ́yìn, torí ẹ sọ ọ́ nígbà tí kò sí ẹjọ́ lọ́kàn yín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ to gbogbo ìwé ní ọjọ́ tẹ̀lé ọjọ́. Ibikíbi tí oṣù méjì bá ti ṣófo láìsí ìwé, ẹ mọ ìdí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìpele 5: Ẹ wá lọ́yà, ẹ má sì fún un lówó

Kì í ṣe gbogbo lọ́yà ló lè dúró níwájú kóòtù yìí. Ó gbọ́dọ̀ ní àṣẹ Court of Federal Claims, ojú òpó kóòtù náà sì ní orúkọ àwọn tó ń gba irú ẹjọ́ yìí. Ìpínlẹ̀ tó wù kí ó wà, ó lè ṣe é fún yín.

Lọ́yà tó bá ní kí ẹ fún òun ní ìdá 30 tàbí 40 nínú owó yín ń rú òfin. Kóòtù ló ń ṣírò owó rẹ̀, inú àpò owó ètò náà ni wọ́n ti ń san án, lọ́tọ̀ sí tiyín. Kódà tí ẹ bá pàdánù, wọ́n lè san án, tí ẹjọ́ náà bá ti ní ìpìlẹ̀ tó lọ́gbọ́n nínú tí ẹ sì fi òtítọ́ ọkàn gbé e wá. Nítorí náà, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ máa dá gbé ẹjọ́ yìí fúnra rẹ̀ nítorí pé kò lówó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nínú ìwé àdéhùn ẹ̀yin àti lọ́yà, ẹ wá gbólóhùn tó sọ pé kò ní yọ ohunkóhun nínú owó yín. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i.

Ìpele 6: Ìwé ìpẹ̀jọ́ àti ìwé ìbúra

Lọ́yà ló máa kọ ìwé ìpẹ̀jọ́. Iṣẹ́ tiyín ni ìwé ìbúra, ìwé yìí sì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ so ìrora mọ́ ohun tó ní ọjọ́. "Ó dùn mí gan-an" kò sọ nǹkan kan fún adájọ́. "Abẹ́rẹ́ náà di ọjọ́ kẹta nígbà tí a sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ, wọ́n gbé ọmọ fún mi, ọwọ́ òsì mi kò lè gbà á" sọ gbogbo rẹ̀, torí ìsọmọlórúkọ ní ọjọ́, ó ní àwòrán, ó ní ènìyàn tó wà níbẹ̀.

Ẹ ní kí ọkọ tàbí aya kọ tirẹ̀, kí akẹgbẹ́ ní ibi iṣẹ́ kọ tirẹ̀, kí ẹni tó ń bá yín gún iyán láti ìgbà náà kọ tirẹ̀. Kálukú ohun tó fojú ara rẹ̀ rí ni kó kọ. Ìwé mẹ́ta tó ní gbólóhùn kan náà á jọ ohun tí ẹnì kan ṣoṣo kọ.

Fún ọmọdé, òbí ló ń pẹjọ́. Fún olóògbé, ẹni tí kóòtù ìpínlẹ̀ yàn sórí ogún rẹ̀ ni, kí ẹ sì tètè lọ gba ìwé náà, torí olórí ẹbí tí àwa mọ̀ nílé kò tó lójú òfin níbẹ̀.

Ìpele 7: Èsì ìjọba

Ẹjọ́ á bọ́ sọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ 8 tí wọ́n ń pè ní special master. Dókítà ìjọba á ka fáìlì, agbẹjọ́rò ìjọba á sì kọ èsì: ó gbà, tàbí kò gbà. Èyí lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Àpapọ̀ ẹjọ́ sábà máa ń kọjá ọdún méjì, nítorí náà ẹ má ṣe fi owó yìí ṣe àdéhùn ilé kíkọ́.

Tí wọ́n bá gbà, ó ku iye owó. Tí wọn ò bá gbà, kò túmọ̀ sí pé ẹ ti pàdánù. Nínú owó tí ètò yìí ń san, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ló ń ti ara ìdúnàádúrà wá, níbi tí ìjọba kò ti gbà pé abẹ́rẹ́ ló fà á, ṣùgbọ́n tí ìhà méjèèjì yàn láti yanjú ọ̀rọ̀.

Ìpalára tí kò sí lórí àtẹ le ju èyí lọ. Láti ìgbà ẹjọ́ Althen, tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Federal Circuit dá ní 2005, ohun mẹ́ta ni ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn: àlàyé ìmọ̀ ìṣègùn lórí bí abẹ́rẹ́ ṣe lè fa irú àìsàn náà, ohun tó fi hàn pé òun ló fà á lára tiyín, àti àsìkò tó bá a mu. Onímọ̀ ìṣègùn ni lọ́yà yín máa wá fún èyí.

Ìpele 8: Ìdúnàádúrà lórí owó

Ohun tí wọ́n lè san: owó ìtọ́jú tó ti jáde lápò yín àti èyí tó ṣì ń bọ̀, owó iṣẹ́ tó bọ́, àti owó ìrora tí kò lè ju 250,000 dọ́là lọ. Fún ikú, 250,000 dọ́là. Ohun tí ìnṣọ́ránsì ti san, ẹ kò ní rí i gbà lẹ́ẹ̀kejì. Iṣẹ́ tí ẹ ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ láìsí nínú ìwé owó orí ṣòro láti fi hàn.

Lórí owó ìrora, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ iye kan fún yín nítorí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà. Wọ́n ń wo bí ìrora ṣe le tó, bó ṣe pẹ́ tó, àti bí ẹni náà ṣe mọ̀ ọ́n lára. Ìdájọ́ àtijọ́ wà lórí ojú òpó kóòtù. Ẹ ní kí lọ́yà fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin hàn yín tó jọ tiyín: ṣé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, abẹ́rẹ́ steroid mélòó, physiotherapy ẹ̀ẹ̀melòó, oṣù mélòó kí ọwọ́ tó ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ iye tó bójú mu láti béèrè.

Lọ́yà á fi ìbéèrè ránṣẹ́, ìjọba á dá iye tiwọn padà, ó lè kéré débi tí inú á bí yín. Ẹ fara balẹ̀. Nínú ọjà wa náà, iye àkọ́kọ́ kọ́ ni iye ọjà. Ẹ béèrè ohun kan lọ́wọ́ lọ́yà: "Tí a bá kọ èyí, tí special master sì dá a fúnra rẹ̀, kí ni ó lè fún wa, kí sì ni ó lè fi dù wá?" Níbi tí ìjọba ti gbà pé abẹ́rẹ́ ló fà á, ẹ lè dúró le iye yín díẹ̀, torí iye owó nìkan ló kù. Níbi tí wọn ò ti gbà, òfo wà lára ohun tó lè jáde, ó sì yẹ kí ẹ rò ó dáadáa. Ẹ̀yin lẹ ni ìpinnu náà. Lọ́yà kò lè gbà fún yín láìjẹ́ pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá wà lórí Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ẹ sọ fún lọ́yà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìpínlẹ̀ lè béèrè ohun tó ná lórí ìpalára náà padà, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn ní ọ̀tọ̀ kí ó má baà jẹ́ pé inú owó yín ni wọ́n ti máa yọ ọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé kan ṣoṣo tó fi gbogbo iye náà hàn ní ìlà ìlà, pẹ̀lú rìsíìtì tó gbè é lẹ́yìn.

Ìpele 9: Ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Stipulation ni wọ́n ń pè é. Ẹ máa rí i níbẹ̀ pé ìjọba sẹ́ pé abẹ́rẹ́ náà ló pa yín lára. Ọ̀rọ̀ yìí ti mú kí àwọn kan fi ìbínú ju bírò sílẹ̀. Bí ìdúnàádúrà ṣe ń lọ níbẹ̀ nìyẹn, kò dín owó yín kù.

Ẹ wo orúkọ yín, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, torí orúkọ tó wà níbẹ̀ lowó á tọ̀ wá. Ẹ wo orúkọ abẹ́rẹ́ àti ọjọ́ rẹ̀. Ẹ wo iye. Ẹ wo ibi tí ẹ ti ń fi ẹ̀tọ́ yín sílẹ̀: ẹ kò tún lè padà wá béèrè lórí abẹ́rẹ́ ọjọ́ yẹn mọ́, nítorí náà tí dókítà bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tó ń bọ̀, ìsinsìnyí ni kí owó rẹ̀ wọ inú àdéhùn.

Ìdájọ́ náà á wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìjọba sì máa ń tẹ orúkọ àwọn tó pẹjọ́ jáde nínú Federal Register, ìwé ìkéde ìjọba àpapọ̀. Tí ohun kan bá wà nínú ìdájọ́ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi pamọ́ nípa ìlera yín, ọjọ́ 14 lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ní láti bẹ kóòtù.

Ìpele 10: Láti ìdájọ́ dé owó

Special master á sọ àdéhùn náà di ìdájọ́. Bí ẹ bá dákẹ́, ọjọ́ 30 á kọjá kí kóòtù tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, torí ọjọ́ wọ̀nyẹn wà fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ìhà méjèèjì lè fọwọ́ sí ìwé kan pé àwọn kò ní béèrè àtúnyẹ̀wò, kí ó lè yá. Ẹ rán lọ́yà létí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ gba owó náà, láàárín ọjọ́ 90. HRSA ló ń sanwó.

Tí ọmọdé ló ni owó, ẹ lè nílò kí kóòtù ìpínlẹ̀ fi yín ṣe alábòójútó rẹ̀ kí wọ́n tó san án. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn nígbà tí ìdúnàádúrà ṣì ń lọ, torí mo ti rí owó tó dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí ìwé yìí nìkan.

Tí special master bá dá ẹjọ́ yín nù, ọjọ́ 30 ni ẹ ní láti béèrè pé kí adájọ́ kóòtù náà tún un yẹ̀ wò. Ẹ pe lọ́yà lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́ ọ.

Owó lọ́yà ní ìwé tirẹ̀, tí ó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 180 lẹ́yìn ìdájọ́. Owó yín kò gbọdọ̀ dúró de tirẹ̀. Nígbà tó bá wọlé, ẹ gbé ìwé àdéhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé báńkì. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, láìdín dọ́là kan.